Ọkọ̀ Tí Kò Lè Gun Òkè Mápó: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ti Ń Jò Nínú Ẹ́ńjìnnì Onítọ́bò

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí yóò wúlò fún yín nínú kíláàsì bí ó ti wúlò fún ẹni tí ó ní ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ ìwádìí ni: bí ènìyàn ṣe lè ti ara àmì àrùn rìn dé ìdí àrùn, tí kò fi ní máa fi owó olówó dán ohun tí kò mọ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo awakọ̀ kan tí ó gbéra láti Ọjà'ba, tí ó fẹ́ gun òkè Mápó kọjá sí Bẹẹrẹ. Kò sí ẹni tí ó mọ Ìbàdàn àtijọ́ tí kò mọ òkè yìí, nítorí pé orí rẹ̀ ni Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, wà tí ó ń wo ìlú láti òkè. Ọkọ̀ tí awakọ̀ wa ń wà kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Volkswagen Passat ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní tọ́bò. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti dorí kọ òkè, tí awakọ̀ sì tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ohùn kan ń ṣe fíìì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín dúdú ń tú lẹ́yìn, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá. Takisí Nissan Micra kan, tí kò ní tọ́bò rárá, tí ó sì kó èrò kún inú, rọra yà á sílẹ̀, ó kọjá lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí awakọ̀ wa lọ́kàn ni pé tọ́bò ti kú. Ó lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àràrómi, ní Agodi Gate, ó ra tọ́bò tòkunbọ̀, ó san owó iṣẹ́, ó sì tún dorí kọ Mápó. Ohùn fíìì náà wà níbẹ̀. Èéfín dúdú náà wà níbẹ̀. Owó ti lọ, àrùn kò lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi ara balẹ̀ wo ọkọ̀ náà, kílíìpù irin kékeré kan ni wọ́n rí tí ó ti dẹ̀ lára páìpù onírọ́bà. Awakọ̀ tí a ń sọ yìí, àwa ni a fi ojú inú dá a. Ṣùgbọ́n ìyà tí ó jẹ kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn tí ó ní ọkọ̀ onítọ́bò. Ìbéèrè wa lónìí ni pé: kí ni ó yẹ kí ó ti ṣe kí ó tó ná owó náà?

Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ àti tọ́bò

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé alágbẹ̀dẹ. Àwọn baba wa kì í fi ẹnu fẹ́ iná tí wọ́n fi ń rọ irin. Ẹwìrì ni wọ́n ń lò: igi tí a gbẹ́ ihò méjì sí nínú, tí a fi awọ bò lójú, tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ọ̀pá méjì tẹ̀ ní àtẹ̀-ǹ-tẹ̀. Afẹ́fẹ́ a gba ẹnu amọ̀ wọ inú iná, ẹyin iná a sì pọ́n kankan. Bí awọ ẹwìrì bá lu, ọmọ iṣẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, iná náà kò ní gbóná tó. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀dí lè máa bú eèdú. Ọ̀gá tí ó mọ̀dí yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa awọ ẹwìrì wò.

Iná ni ó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Epo nìkan kò sì lè jó. Kílò bẹntiróòlù kan ń fẹ́ nǹkan bí kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kí ó tó lè jó tán. Bí a bá fẹ́ kà á ní lítà, lítà epo kan ṣoṣo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó lé ní 9,000 lítà. Ẹ kò ní ṣàì rí i pé afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ni a ń sanwó fún.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń fa afẹ́fẹ́ sínú fúnra rẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń mí. Tọ́bò ní tirẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ wọlé ní túláàsì, bí ẹwìrì. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí èrò náà ní ọdún 1905. Èéfín gbígbóná tí ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà, tí à bá kàn dà nù, ni a fi ń yí àgbá kékeré kan. Àgbá yìí àti òmíràn sì jọ wà lórí ọ̀pá kan náà. Bí èkíní ti ń yí, ni èkejì ń fa afẹ́fẹ́ tútù, tí ó sì ń tì í sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ Oldsmobile àti Chevrolet ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onítọ́bò fún ará ìlú. Ní ọdún 1978, Mercedes-Benz gbé tirẹ̀ tí ń lo dísù jáde. Lónìí, a ń rí tọ́bò lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, lára Toyota Hilux tí ń lo dísù, àti lára àwọn àjàgbé ńláńlá tí ń kó ẹrù láti Èkó wá sí òkè.

A gbọ́dọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ kan níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí a kọ Kompressor sí lára àwọn Mercedes kan ní tọ́bò. Kì í ṣe ohun kan náà. Bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnnì fi ń yí Kompressor. Èéfín ni ó ń yí tọ́bò. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń ti afẹ́fẹ́, nítorí náà àwọn méjèèjì ni jíjò afẹ́fẹ́ lè dà láàmú.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé inú ilé. Yóò kọ́kọ́ gba inú asẹ́ tí ń gba eruku lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn asẹ́, yóò kan ẹ̀rọ kékeré kan tí ń wọn iye afẹ́fẹ́ tí ó kọjá. A ó máa pe ẹ̀rọ yìí ní oníbodè, nítorí pé òun ni ó ń ka gbogbo ohun tí ó wọ ìlú, tí ó sì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Iye tí oníbodè bá kà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ iye epo tí yóò tú sílẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ oníbodè, afẹ́fẹ́ ń gba páìpù onírọ́bà lọ sínú tọ́bò. Bí tọ́bò bá ti tì í, ara rẹ̀ a gbóná, bí páńpù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, kò sì kún inú bí afẹ́fẹ́ tútù. Nítorí èyí ni a fi ń mú un gba inú ohun kan tí ó jọ rédíétọ̀ kọjá, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní intakúlà. Láti ibẹ̀, yóò gba páìpù mìíràn dé ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, èyí tí ń ṣí nígbà tí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà ni ìyẹ̀wù tí a ti ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn ṣílíńdà.

Bí ẹ bá ka àwọn ibi tí páìpù ti so mọ́ páìpù ní ojú ọ̀nà yìí, ẹ ó rí i pé wọ́n pọ̀. Rọ́bà ni púpọ̀ nínú wọn, kílíìpù ni ó sì dì wọ́n mú. Ooru ẹ́ńjìnnì ń mú rọ́bà gan, òróró ń mú un rọ̀, gbọ̀ngbọ̀n ọ̀nà wa sì ń tú kílíìpù. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ olùwádìí ni láti mọ ibi tí ògiri ti lanu.

Ihò kan, irọ́ kan

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: kì í ṣe gbogbo ihò ni ó ń fi àmì kan náà hàn. Ibi tí ihò wà ni ó ń sọ irú irọ́ tí a ń pa fún kọ̀ǹpútà. A lè pín ojú ọ̀nà náà sí agbègbè mẹ́rin.

Agbègbè kìíní wà láàárín oníbodè àti tọ́bò. Níbí, tọ́bò ń fa afẹ́fẹ́ ni. Bí páìpù bá sán, afẹ́fẹ́ ìta yóò gba ibẹ̀ wọlé, oníbodè kò sì ní kà á. Afẹ́fẹ́ fàyàwọ́ ni. Kọ̀ǹpútà yóò tú epo tí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ sílẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé afẹ́fẹ́ fàyàwọ́ kò gba inú asẹ́ kọjá. Ní àkókò ọyẹ́, eruku tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò máa gbá abẹ́ tọ́bò tí ń yí ní eré àsápajúdé, yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Agbègbè kejì wà láàárín tọ́bò àti ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, intakúlà sì wà lára rẹ̀. Níbí, nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, agbára afẹ́fẹ́ inú ju ti ìta lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń sá jáde ni. Ṣùgbọ́n oníbodè ti ka afẹ́fẹ́ náà nígbà tí ó ń wọlé. Kọ̀ǹpútà rò pé ó ti dé inú ilé, ó sì ń tú epo sílẹ̀ dè é. Epo wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èyí ni ó fa èéfín dúdú, ọ̀fọ̀ epo, àìlágbára, àti ohùn fíìì. Àrùn awakọ̀ wa ní òkè Mápó gan-an nìyí. Ọkọ̀ dísù pẹ̀lú a máa tú èéfín dúdú bí afẹ́fẹ́ bá sá lọ ní agbègbè yìí.

Agbègbè kẹta ni ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, ihò tí ó bá wà níbẹ̀ sì ní ojú méjì. Nígbà tí ọkọ̀ bẹntiróòlù bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ìlẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, àwọn písítìnì sì ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Agbára afẹ́fẹ́ inú kéré sí ti ìta, afẹ́fẹ́ fàyàwọ́ sì ń wọlé. Ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n, ohùn rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n nígbà tí tọ́bò bá gba iṣẹ́, agbára inú yóò ju ti ìta lọ, afẹ́fẹ́ yóò sì máa gba ihò kan náà sá jáde. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í sábà fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn báyìí nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, nítorí náà kí a má ṣe retí àmì gbígbọ̀n yìí lára rẹ̀.

Agbègbè kẹrin ni ọ̀nà èéfín, láàárín ẹ́ńjìnnì àti tọ́bò. Bí ibẹ̀ bá sán, èéfín tí ó yẹ kí ó yí tọ́bò yóò máa gba ojú ihò lọ. Tọ́bò yóò pẹ́ kí ó tó jí. A máa ń gbọ́ ohùn tó-tó-tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, a sì lè rí àmì èédú dúdú ní ibi tí ó ti ń jáde.

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí ọkọ̀ kò bá ní oníbodè ńkọ́? Ìbéèrè dáadáa ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí kì í ka afẹ́fẹ́ ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń wọn agbára rẹ̀ nínú ìyẹ̀wù lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè pàdánù afẹ́fẹ́ ní agbègbè kejì láìtú èéfín dúdú, nítorí pé ohun tí ó kù ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀n. Àìlágbára nìkan ni a ó rí. Nítorí náà, ẹni tí yóò ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ́ńjìnnì tí ó wà níwájú rẹ̀.

Kí ni ó dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ihò kékeré? Kọ̀ǹpútà mọ iye agbára afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́. Bí kò bá rí i, yóò máa lé tọ́bò kí ó yí sí i, kí ó lè dí àdánù náà. Tọ́bò yóò máa sáré ju bí a ti ṣe é lọ, ara rẹ̀ yóò máa gbóná, yóò sì tètè gbó. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó pààrọ̀ tọ́bò láìdí ihò fi lè rí i pé tọ́bò tuntun náà kò pẹ́. Kílíìpù tí kò tó nǹkan ni ó ń pa ohun olówó iyebíye.

Ìwádìí ní ẹsẹẹsẹ

Ohun àkọ́kọ́ ni ìbéèrè. Kí mẹkáníìkì tó mú sípánà, ẹ jẹ́ kí ó bi awakọ̀ pé: Nígbà wo ni ó ń ṣe é? Ṣé nígbà tí ọkọ̀ dúró ni, tàbí nígbà tí ó ń gun òkè? Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, àbí díẹ̀díẹ̀? Ṣé ẹnìkan ti tú nǹkan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láìpẹ́ yìí? Bí àrùn bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹni tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n fi ọwọ́ kàn. Awọ èéfín náà jẹ́ ẹ̀rí: dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èyí tí ó dà bí aró ń sọ pé òróró ẹ́ńjìnnì ń jó, ìyẹn sì jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.

Ohun kejì ni ojú àti ọwọ́. Kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ó sì tutù. Ẹ wo gbogbo páìpù láti asẹ́ dé ìyẹ̀wù, ẹ má sì gbàgbé abẹ́ wọn, nítorí pé abẹ́ ibi tí páìpù ti tẹ̀ ni ó máa ń sán sí. Ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà wò kí ojú ibi tí ó ya lè là. Ìkùukùu òróró díẹ̀ máa ń bá afẹ́fẹ́ rìn nínú páìpù wọ̀nyí. Bí ẹ bá rí ibi tí ìta páìpù tutù fún òróró, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ẹ wo intakúlà pẹ̀lú, pàápàá bí ó bá wà níwájú ọkọ̀ níbi tí òkúta lè bà á.

Ohun kẹta ni etí. Kí ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀ kí ó rọra tẹ tọ́tù, kí èkejì fi páìpù rọ́bà gígùn kan sí etí, kí ó máa fi ẹnu rẹ̀ kejì wá ibi tí ohùn ti le jù. Kí aṣọ àti ọwọ́ jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ihò agbègbè kejì lè dákẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, nítorí pé tọ́bò kò tíì gba iṣẹ́. Ìdí nìyí tí òkè bíi Mápó fi jẹ́ olùkọ́ rere: ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àrùn fi máa sọ̀rọ̀.

Ohun kẹrin ni ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Àmì P0299 ń sọ pé agbára tọ́bò kò tó. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àmì wọ̀nyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra tọ́bò. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni ó sọ, kò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tún ń fi hàn wá bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi epo kún un tàbí tí ó ń dín in kù. Bí ó bá ń fi epo púpọ̀ kún un nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí àfikún náà sì ń dín kù bí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré sí i, afẹ́fẹ́ fàyàwọ́ ni kí a fura sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, ẹ lè rí ìdí rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ afẹ́fẹ́ díẹ̀, ohun tí ó gba ihò kékeré wọlé jẹ́ ìdá ńlá nínú rẹ̀; bí ó bá ń jẹ púpọ̀, kò tó nǹkan mọ́.

Ohun karùn-ún ni ìdánwò tí fọ́kánáísà tí ó wà ní ìkóríta ti mọ̀ tipẹ́. Bí túùbù bá ń jò, kì í ra túùbù tuntun kí ó tó wò ó. Ó ń fi afẹ́fẹ́ kún un, ó ń rì í bọ omi, ó sì ń wo ibi tí omi ti ń hó. Ohun tí a ó ṣe fún ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. A ó tú páìpù lẹ́yìn oníbodè, a ó sì fi ìdérí dí ẹnu rẹ̀. Ìdérí páìpù púlọ́ńbà tí ó bá ẹnu náà mu lè ṣe é, bí a bá lu ihò sí i tí a sì fi fáàfù táyà sí ojú ihò náà. Lẹ́yìn èyí, a ó rọra fi afẹ́fẹ́ sí i, a ó sì fi omi ọṣẹ pa ojú gbogbo ìsopọ̀. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Táyà ọkọ̀ kékeré lè gba 30 tàbí 35 lórí géèjì fọ́kánáísà. Ohun tí tọ́bò ń ṣe lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù wà láàárín 7 àti 15 lórí géèjì kan náà. Bí a bá ṣí afẹ́fẹ́ sí i bí ẹni ń fẹ́ táyà, ìdérí lè fò jáde bí ọta ìbọn. Ẹ lo ohun tí ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 5, ẹ má sì kọjá 10. Kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú ìdérí, kí ojú wà nínú dígí ààbò, kí a má sì tú kílíìpù kankan títí agbára yóò fi tán nínú páìpù. Ẹ ṣí ìdérí òróró ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá sí ibẹ̀. Díẹ̀ yìí kì í ṣe àrùn. Bí ó bá ń tú jáde púpọ̀, ó yẹ kí a wo fáàfù tí ń gba èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà, tàbí àwọn òrùka písítìnì. Bí ó bá sì ń gba sàlẹ́ńsà jáde, ó lè jẹ́ pé fáàfù ẹ́ńjìnnì ni ó ṣí. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ẹ tún un wò.

Ohun kẹfà ni ẹ̀rọ èéfín, fún ibi tí ojú kò tó. Ẹ̀rọ náà ń fi èéfín funfun sínú páìpù pẹ̀lú agbára tí kò tó nǹkan, a ó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí èéfín ti yọ. Ó dára gan-an fún agbègbè kẹta, níbi tí àwọn páìpù tín-ín-rín pọ̀ sí.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa àṣà kan. Àwọn kan máa ń wọ́n bẹntiróòlù sí ara ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ibẹ̀ ni ihò wà. Òótọ́ ni pé ohùn lè yí padà. Òótọ́ sì ni pé iná lè sọ, nítorí ooru àti iná mànàmáná wà níbẹ̀. Ihò kílíìpù kò tó ohun tí a ń fi ara jóná sí. Omi ọṣẹ tó.

Lẹ́yìn tí a bá ti rí i

Rírí ihò kì í ṣe òpin. Bí ó bá jẹ́ kílíìpù ni ó dẹ̀, ẹ nu òróró kúrò lára rọ́bà àti irin, ẹ dá a padà sí ojú rẹ̀, kí ẹ sì yí i le níwọ̀n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ẹni tí ó bá yí kílíìpù ní àyíjù yóò fi gé rọ́bà. Bí rọ́bà bá ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe fi okùn rọ́bà túùbù wé e, kí a má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kí a sì pè é ní iṣẹ́ àṣeyọrí. Ooru àti òróró yóò tú u, òkè tí ó kàn ni yóò sì fi àṣírí rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún ìdánwò ọṣẹ ṣe, nítorí pé ihò kan lè fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé ọkọ̀ lọ sí orí òkè.

Bí ìdánwò bá wá fi hàn pé kò sí ibi tí ó ń jò ńkọ́? Ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ èrè. Nígbà náà ni ó tó àkókò láti wo asẹ́ tí ó dí, sàlẹ́ńsà tí ó dí, ìlẹ̀kùn èéfín ara tọ́bò tí kò tì mọ́, àti tọ́bò fúnra rẹ̀. Tọ́bò a máa kú lóòótọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má ṣe sin ín kí a tó mọ̀ pé ó kú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè gbé ẹ̀kọ́ yìí wọ kíláàsì láìsí ẹ́ńjìnnì kankan. Ẹ mú túùbù kẹ̀kẹ́ kan tí ó lu, páńpù kan, àti ọpọ́n omi. Kí ẹ tó rì í bọ omi, ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ibi tí ó rò pé ihò wà sílẹ̀, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí omi dájọ́. Èyí tí yóò rò ó tọ̀nà lè má pọ̀. Ẹ̀kọ́ náà gan-an nìyẹn: èrò ọkàn ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ìdánwò ni ó ń sọ ibi tí ohun náà wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé tọ́bò yín ti kú, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í léèrè pé: “Ọ̀gá, báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Ṣé ẹ ti fi ọṣẹ wò ó?” Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí, nítorí pé orúkọ tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ihò kékeré, tí ó sì gba owó ihò kékeré, ni àwọn oníbàárà yóò máa wá padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyí.